Ta Ló Ń Kọ̀wé, Ta Ló Ń Wòran?

Àrùn kan ti wọ inú kíláàsì, aṣọ ọ̀làjú ni ó sì gbé wọ̀ wọlé, débi pé ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń kí i káàbọ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Olùkọ́ á wọlé, á gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sórí tábìlì, á so ó mọ́ ẹ̀rọ tí ń ta àwòrán sára ògiri, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ó wà lára ògiri náà sétí àwọn ọmọ tí wọ́n mọ̀wé kà gẹ́gẹ́ bí òun náà ti mọ̀ ọ́n kà. Ojú-ewé kìn-ín-ní á kọjá, èkejì á tẹ̀lé e, títí tí yóò fi pé ogójì. Bí aago bá lù, olùkọ́ á ká wáyà rẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn pé iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí. Iṣẹ́ parí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ṣe é?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti ń kọ́ ọmọlọ́mọ ní ìwé: àwọn kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn kan ní ilé-kéwú òpin ọ̀sẹ̀, àwọn mìíràn sì wà nínú kíláàsì ọ̀fẹ́ tí ẹ ń ṣe fún àwọn tí ó fẹ́ jókòó ìdánwò JAMB. Ẹ̀yin gan-an ni ẹ sì yá ju àwọn àgbà lọ nínú lílo ohun èlò yìí. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ó ti kan ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ mú ẹ̀kọ́ lórí ọkàn àti ìrìn ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Lára ògiri, ọkàn hàn ní àwọ̀ pupa àti búlúù, ó rẹwà, ọfà ń tọ́ka síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé yàrá mẹ́rin ni ọkàn ní, àti pé ògiri yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì nípọn ju ti apá ọ̀tún lọ. Àwọn ọmọ da ọ̀rọ̀ náà kọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rí i, kò sí ẹni tí ó ṣì í kọ. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ pa ẹ̀rọ náà, kí ó wá bi wọ́n pé: kí ló dé tí apá òsì fi nípọn jù? Ìdákẹ́jẹ́ ni yóò dáhùn. Wọn kò ronú kàn án pé apá ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tí kò jìnnà, nígbà tí apá òsì ń tì í dé orí, dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, àti pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ni iṣan rẹ̀ ń le. Olùkọ́ ni ó ronú bẹ́ẹ̀, ní ilé rẹ̀, ní òru, nígbà tí ó ń to àwọn ojú-ewé rẹ̀. Òun ni ó yan ohun tí ó ṣe kókó, òun ni ó gé ọ̀rọ̀ kúrú, òun ni ó wá àwòrán tí ó bá a mu, òun náà ni ó pinnu èyí tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀lé e. Gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí ni à ń pè ní kíkẹ́kọ̀ọ́! Olùkọ́ kẹ́kọ̀ọ́ ní òru, ó wá gbé àwo òfìfo síwájú àwọn ọmọ ní àárọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìwé yìí ń gbógun ti ìlọsíwájú. Ohun èlò náà kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Síláìdì, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn ti ń pè é, ti di ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè tò. Google Slides, Canva, Prezi àti irú wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a lè lò wọ́n láìsan kọ́bọ̀ fún èyí tí ó rọrùn jù nínú wọn, yàtọ̀ sí owó dátà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì lè fi han àwọn ọmọ bí ọkàn ti ń lù. Ẹni tí kò tíì rí Òkun Pupa rí lè rí àwòrán ilẹ̀ rẹ̀. Àǹfààní ńlá ni èyí, aláìmoore ni yóò sì sẹ́ ẹ. Àwọn àgbà kan wà tí wọ́n ń bú ohun gbogbo tí ó bá ní gíláàsì lójú, tí wọ́n ń sọ pé eré ni. Àwọn wọ̀nyẹn náà ṣìnà, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ mọ́, kí a fi wọ́n sílẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó yé olùkọ́ ni orírun nǹkan yìí. Ọjà ni wọ́n bí síláìdì sí, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́. Lọ́dún 1987 ni ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní California tí ń jẹ́ Forethought gbé PowerPoint jáde fún kọ̀ǹpútà Macintosh. Robert Gaskins àti Dennis Austin ni wọ́n wà nídìí iṣẹ́ náà. Kí ọdún náà tó parí, Microsoft ti fi mílíọ̀nù mẹ́rìnlá dọ́là ra ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn tí wọ́n ní lọ́kàn ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àti àwọn tí ń polówó ọjà, àwọn tí ó fẹ́ kí ẹni tí ó jókòó gbà pẹ̀lú wọn kíá kí ó sì buwọ́ lùwé. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú, àwọ̀ tí ń dán, àti ìdánilójú ló dára. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe oníbàárà. Kò yẹ kí ó gbà kíá. Ó yẹ kí ó ṣiyèméjì, kí ó béèrè, kí ó ṣì í, kí ó tún un ṣe. Nígbà tí Google gbé tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2007, ó mú un rọrùn sí i, ó sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jùmọ̀ kọ ojú-ewé kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìwà tí wọ́n bí mọ́ nǹkan náà kò yí padà: ẹnì kan ń sọ, ìyókù ń wòran.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí òdìkejì èyí kò ní láti rìn jìnnà. Kí ó rántí wàláà.

Nínú ilé-kéwú, ọwọ́ ọmọ ni gègé wà. Tàdáwà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára pátákó náà, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Ọmọ á gbé wàláà rẹ̀ kọ́ apá, á lọ sábẹ́ igi tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa kà á lákàtúnkà títí yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí ó bá dá a lójú, yóò padà wá síwájú àfáà, yóò sì kà á láìwo wàláà. Bí ó bá kùnà, ó di ọjọ́ mìíràn. Bí ó bá yege, ìgbà yẹn, àní ìgbà yẹn nìkan, ni àfáà yóò sọ fún un pé kí ó lọ fọ wàláà rẹ̀ kí ó wá gba òmíràn. Kò sí ọmọ tí ń fọ wàláà tí kò tíì mọ̀.

Ẹ wá wo olùkọ́ onísíláìdì. Ó fi ìka kan tẹ bọ́tìnì, ojú-ewé tí ó wà lára ògiri parẹ́, òmíràn dé. Wàláà ni ó fọ̀ yẹn! Ta ni ó kà á fún un láìwò ó? Ọmọ mélòó ni ó mọ èyí tí ó kọjá kí ó tó pa á rẹ́? Ogójì ìgbà láàárín ogójì ìṣẹ́jú ni ó ń fọ wàláà ọmọ ọlọ́mọ, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ó tó fọ̀ ọ́. Àfáà tí ó bá dán irú èyí wò láyé àtijọ́, ẹ̀yà ẹlẹ́gàn ni wọn ì bá kà á mọ́.

Òdodo ni ẹ̀gbọ́n ọ̀rọ̀, nítorí náà kí a sọ apá kejì rẹ̀. Wàláà náà ní àléébù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ka ẹ̀kọ́ wàláà lórí láìmọ ìtumọ̀ gbólóhùn kan nínú rẹ̀, àwọn tí ó ń ṣe àtúnṣe ẹ̀kọ́ kéwú sì ti ń pariwo èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n àléébù wàláà ni pé ọmọ ṣiṣẹ́, kò sì ní òye. Ti síláìdì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ kò ní òye, kò sì ṣiṣẹ́.

Àwọn kan yóò ní, "Bí ọmọ bá ń gbọ́ ọ tí ó sì ń rí i lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé kì í ṣe ìlọ́po méjì ni?" Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi ọdún gbọọrọ dán an wò kò bá a bẹ́ẹ̀. Richard Mayer, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì California ní ìlú Santa Barbara, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò púpọ̀ lórí bí àwòrán àti ọ̀rọ̀ ṣe ń kọ́ ènìyàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwòrán pẹ̀lú ohùn ẹni tí ń ṣàlàyé rẹ̀ ń kọ́ni dáadáa; ṣùgbọ́n bí a bá tún kọ ọ̀rọ̀ kan náà tí ẹnu ń sọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà, òye ń dínkù. Ojú kò lè ka ọ̀rọ̀ kí ó sì wo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, ọpọlọ sì ń ṣe wàhálà láti mọ̀ bóyá ohun tí etí gbọ́ bá ohun tí ojú kà mu. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé àwòrán ọ̀ṣọ́ tí kò kan ẹ̀kọ́ náà, òdòdó, ẹ̀rín, ìràwọ̀ tí ń fò, kì í ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, ìpalára ni ó ń ṣe. Gbogbo ohun tí olùkọ́ ọjọ́ òní sì ń fi yangàn nìyẹn! Ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sí ara ògiri, ó fi òdòdó yí i ká, ó sì wá kà á.

Ewu kan wà tí ó jinlẹ̀ ju àìgbọ́ lọ, òun ni pé síláìdì lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ńlá dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Àpẹẹrẹ èyí kò ti inú kíláàsì wá, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó ga jù lọ ni ó ti wá. Ní ọjọ́ 16 oṣù January 2003, àjọ NASA ti Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Columbia lọ sí gbalasa òfuurufú pẹ̀lú ènìyàn méje nínú rẹ̀. Bí ó ti ń gòkè, ègé fóòmù kan já lára táǹkì epo rẹ̀, ó sì lu apá òsì ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ṣì wà lókè nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ jókòó láti mọ̀ bóyá ewu wà, síláìdì ni wọ́n sì fi gbé àbájáde wọn kalẹ̀ fún àwọn ọ̀gá. Nínú ọ̀kan lára àwọn ojú-ewé náà, àkọlé tí ó wà lókè fini lọ́kàn balẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú lẹ́tà wínníwínní, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé fóòmù tí ó lu ọkọ̀ jẹ́ 1,920 ìnṣì onígun mẹ́ta ní ìtóbi, nígbà tí èyí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò tẹ́lẹ̀ jẹ́ 3 péré. Ìlọ́po 640! Ìdánwò tí wọ́n gbára lé kò jọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ojú kò kà á sí. Ní ọjọ́ 1 oṣù February 2003, bí Columbia ti ń padà bọ̀, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú sánmà ìpínlẹ̀ Texas, àwọn méjèèje sì kú.

Kì í ṣe síláìdì ni ó pa wọ́n, fóòmù ni. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà mẹ́nu ba ojú-ewé yìí gan-an nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ní oṣù August 2003, ó ní ó rọrùn kí ọ̀gá kà á kí ó má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà fífi síláìdì rọ́pò ìwé ìjábọ̀ tí a kọ ní kíkún. Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, 2004, Jeff Bezos tí ó dá Amazon sílẹ̀ fòfin de síláìdì nínú ìpàdé àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ẹni tí ó bá ní àbá kọ ọ́ ní gbólóhùn tí ó pé pérépéré, kí gbogbo ènìyàn sì fi ìdákẹ́jẹ́ kà á kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó: àwọn tí wọ́n ń ta ọ̀làjú fún gbogbo ayé padà sídìí ìwé kíkọ, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tiwa wá ń sá kúrò nídìí rẹ̀, wọ́n ń pè é ní ìlọsíwájú.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni mìíràn á kọ ọ́ sára ògiri ìta pé kíláàsì ìgbàlódé ni tàwọn, á sì fi iye kan kún owó ilé-ìwé nítorí rẹ̀. Òbí tí ń ta ẹ̀wà ní àárọ̀ ń san án, ó rò pé ìmọ̀ ni òun ń rà. Iná ọba kò dúró; lọ́dún 2024 nìkan, lemọ́lemọ́ ni ètò iná gbogbo orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń mu epo. Ní oṣù January 2025, àjọ tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, dátà sì gbówó lórí. Olùkọ́ tí kò lè kọ́ni láìsí gbogbo nǹkan wọ̀nyí, kí ni ó ń ṣe ní ọjọ́ tí iná bá lọ? Ó ní kí àwọn ọmọ lọ ṣeré. Ẹ̀wẹ̀, kò sí ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde lọ́dún 2013, inú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí, kí ọmọ lè lò ó láìní íntánẹ́ẹ̀tì. Síláìdì náà ṣeé gbà sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó ṣeé tẹ̀ sórí ìwé, Google Slides pàápàá ṣeé ṣètò ṣáájú kí ó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Olùkọ́ tí ó bá ní àwòrán ọkàn lórí bébà kan ṣoṣo àti ẹfun lọ́wọ́ ti ní kíláàsì.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ gbé gègé padà sí ọwọ́ ọmọ. Kí olùkọ́ fi àwòrán kan hàn, ẹyọ kan tí kò ní ọ̀rọ̀ lára, kí ó sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, kí àwọn ọmọ ni kí ó to síláìdì. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ojú-ìwé kan gbáko sínú ìwé àjákọ ní gbólóhùn tí ó ní orí tí ó ní ìdí, kí olùkọ́ kà á kí ó sì tún un ṣe, kí wọ́n tó gba àyè láti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Kí síláìdì wọn má ju márùn-ún lọ. Kí ó jẹ́ pé àwòrán ni yóò pọ̀ nínú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ti ẹnu ọmọ jáde, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bi í ní ìbéèrè títí òógùn yóò fi yọ lójú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan tó fún kíláàsì kan bí a bá ń ṣe é báyìí, nítorí pé iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù ti parí lórí bébà.

Ìdí pàtàkì kan tún wà tí bébà fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Láti nǹkan bí ọdún 2023, àwọn ohun èlò tuntun ti dé tí ó jẹ́ pé bí ọmọ bá tẹ gbólóhùn kan ṣoṣo sí i, ẹ̀rọ á to gbogbo síláìdì fún un, pẹ̀lú àwòrán àti àkọlé, kí ó tó ṣẹ́jú péú. Iṣẹ́ tí olùkọ́ fún ọmọ láti fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, ẹ̀rọ á ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan, ọmọ á sì gba máàkì lórí ohun tí kò kà rí. Ṣùgbọ́n nínú Google Slides, ìtàn bí wọ́n ṣe kọ ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ń bẹ nínú fáìlì náà: olùkọ́ tí àwọn ọmọ fún ní àṣẹ àtúnṣe lè ṣí i, kí ó rí ẹni tí ó kọ kí ni, ní aago mélòó, àti ohun tí ó pa rẹ́. Fáìlì tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣàdédé hàn lẹ́ẹ̀kan náà ní aago mọ́kànlá òru ti jẹ́rìí ta ko ẹni tí ó mú un wá. Ó mà ṣe o, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò tíì ṣí ibẹ̀ rí.

Ọmọ tí à ń sọ yìí yóò jókòó WAEC lọ́jọ́ kan. Apá kan ìdánwò náà yóò sọ fún un pé kí ó ṣàlàyé, kí ó fi wé ara wọn, kí ó sọ ìdí, ní gbólóhùn ti ara rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́ta tí a fi àmì dúdú ṣíwájú ni wọn yóò béèrè. Ọdún mẹ́fà ni ó fi wo ògiri. Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni yóò ti kọ́kọ́ mọ̀ pé òun kò kọ ojú-ìwé kan tí ó pé rí. Àwọn tí ó gba owó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀ láti gba ẹ̀bi náà, wọn yóò sì sọ pé ọmọ ayé òde òní kì í kàwé.

Àgbàfipamọ́ ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, Ọlọ́hun yóò sì béèrè rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá tún pè yín sí ìpàdé tí wọ́n sì tan ẹ̀rọ láti fi síláìdì aláràbarà hàn yín, ẹ yin wọ́n, ẹ ṣeun. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé àjákọ ọmọ yín wá.